Ìka Tí Ó Ń Dún, Oríkèé Tí Ó Ń Dunni: Àgbéyẹ̀wò Lórí Fífa Ìka Ọwọ́

Ìbéèrè bóyá fífa ìka ọwọ́ tàbí títẹ̀ ẹ́ kí ó lè dún ń ba oríkèé jẹ́ wà lára àwọn ìbéèrè ìlera tí ìdáhùn wọn ti wà lẹ́nu àwọn òbí tipẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí wọn. Ohun tí àgbà sábà máa ń sọ fún ọmọ tí ó bá ní àṣà yìí ni pé aromọléegun ni yóò fi ṣe èrè lọ́jọ́ ogbó, pé oríkèé ọwọ́ rẹ̀ yóò wú, tí kò fi ní lè di nǹkan mú dáadáa mọ́. Inú ìfẹ́ ni ìkìlọ̀ náà ti wá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn láìwádìí, nítorí kò sí ohun tí ó lòdì sí làákàyè nínú èrò pé oríkèé tí ènìyàn ń fi agbára fà lójoojúmọ́ fún ogójì ọdún lè gbó ju èyí tí ó fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́ lọ. Àmọ́ ìwádìí tí ó ti ń wáyé láti ọdún 1947 wá fi hàn pé èrò náà, bí ó tilẹ̀ bá ọgbọ́n orí mu, kò bá ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú ọwọ́ àwọn ènìyàn mu. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà díjú ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó lọ́ mọ́ ara wọn nínú rẹ̀: kí ni ó ń dún, ṣé ohun tí ó ń dún náà ni ó ń fa aromọléegun, àti pé bí kò bá fa aromọléegun, ṣé kò sí ìpalára mìíràn tí ó lè ṣe. Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba rárá.

Oríkèé ni ibi tí eegun méjì ti pàdé ní ọ̀nà tí ọ̀kan fi lè yí lórí èkejì. Èyí tí ó máa ń dún jù lọ nínú ọwọ́ ni oríkèé ìdí ìka, ìyẹn ibi tí ìka ti so mọ́ ọwọ́ gan-an, tí ó máa ń yọ síta nígbà tí ènìyàn bá di ẹ̀ṣẹ́. Eegun rírọ̀ kan bo orí eegun kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ó funfun, ó ń dán, ó sì ń yọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí eegun líle máa ha eegun líle. Àpò kan tí ó tinrin ṣùgbọ́n tí ó yi yí oríkèé náà ká, àwọn iṣan tí ó so eegun mọ́ eegun sì dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì, nígbà tí omi díẹ̀ tí ó ki, tí ó sì ń fà, wà nínú àpò náà láti mú kí ìyípo oríkèé rọrùn. Nínú omi oríkèé yìí ni afẹ́fẹ́ ti yòrò sí, pàápàá jù lọ carbon dioxide, irú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí síta, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ti máa ń yòrò sínú àwọn omi mìíràn nínú ara. Afẹ́fẹ́ tí ó fara sin yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìró ìka dá lé lórí.

Àwọn onímọ̀ méjì ní London, Roston àti Wheeler Haines, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sí abẹ́ ẹ̀rọ ní ọdún 1947. Wọ́n ń fi agbára tí ó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ fa ìka, wọ́n sì ń ya àwòrán X-ray bí wọ́n ti ń fà á lọ. Wọ́n rí i pé eegun méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra ní ìbẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tí agbára náà bá dé ìwọ̀n kan, tí wọn yóò ṣàdédé ya kúrò lára ara wọn, tí ìró yóò jáde, tí àlàfo kan yóò sì hàn láàárín wọn nínú àwòrán. Bí wọ́n bá tún fa ìka kan náà lójú ẹsẹ̀, kò ní dún, ó di lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún ohun tí wọ́n rí ni pé ihò afẹ́fẹ́ kan ni ó ń ṣí sílẹ̀ nínú omi oríkèé, àti pé inú ṣíṣí yìí ni ìró náà ti ń jáde.

Bí ihò ṣe lè ṣí nínú omi kò ṣòro láti yé ni. Nígbà tí eegun méjì bá ya kúrò lára ara wọn, inú àpò oríkèé yóò fẹ̀ sí i lójijì, ṣùgbọ́n omi tí ó wà nínú rẹ̀ kò lè pọ̀ sí i lójijì bẹ́ẹ̀. Agbára tí ó ń tẹ omi náà yóò wá já wálẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ti yòrò sínú rẹ̀ yóò sì sá jáde. Ẹni tí ó bá ti ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò rí ti fi ojú rí irú rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò hàn rárá nígbà tí ìdérí ṣì wà lórí ìgò ni ó máa ń hó jáde nígbà tí ìdérí bá ṣí tí agbára inú ìgò sì dínkù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ inú oríkèé kò rí ibi jáde lọ, nítorí náà inú omi náà ni yóò tún padà yòrò sí ní díẹ̀díẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìka tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún kì í tún lè dún àfi lẹ́yìn ìgbà tí yíyòrò náà bá parí.

Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Leeds, Unsworth, Dowson àti Wright, tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì gbà pé ihò afẹ́fẹ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í ṣe ṣíṣí rẹ̀ ni ó ń dún bí kò ṣe wíwó rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé wọn, omi tí ó yí ihò náà ká máa ń ya bò ó kíákíá, ihò yóò wó, ìró yóò sì jáde, tí àwọn ihò kéékèèké yóò ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ohun tí ó mú kí àlàyé yìí ká àwọn ènìyàn lára ni pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti mọ wíwó irú ihò bẹ́ẹ̀ tipẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ń jẹ irin, nítorí pé ó máa ń bẹ́ ojú abẹ̀bẹ̀ irin tí ó ń ti ọkọ̀ ojú omi síwájú, tí yóò fi máa dá ihò sí i lára. Bí ihò afẹ́fẹ́ tí ń wó bá lè jẹ irin, ó bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn bẹ̀rù fún eegun rírọ̀. Bí ìkìlọ̀ àwọn òbí ṣe rí alátìlẹyìn nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin tí ihò ń bẹ́ mọ́ láìdáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí kì í ṣe ẹgbẹ́ oríkèé tí ó ń dún lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì sinmi fún ìṣẹ́jú 20 kí ó tó tún dún.

Èrò Leeds yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé gbà fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Ní ọdún 2015, Kawchuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà gbé ìka sínú ẹ̀rọ MRI, èyí tí ó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara láìlo irú ìtànṣán tí X-ray ń lò. Oríkèé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí wọ́n yẹ̀ wò wà lára ẹnì kan ṣoṣo tí ó mọ bí a ti ń mú ìka dún dáadáa. Wọ́n fi okùn fa ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ya àwòrán léraléra bí wọ́n ti ń fà á. Ohun tí wọ́n rí ni pé ihò yọ ní àkókò tí ìró jáde gan-an, láàárín ohun tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá, àti pé ihò náà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ìró ti parí. Bí ó bá jẹ́ pé wíwó ihò ni ó ń dún, kò yẹ kí ihò tún wà nílẹ̀ lẹ́yìn ìró. Ọ̀rọ̀ náà wá padà sí ọ̀dọ̀ Roston àti Haines.

Síbẹ̀, kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2018, Chandran Suja àti Barakat fi ìṣirò ṣe àwòkọ́ṣe oríkèé tí ń dún, wọ́n sì fi ìró tí ìṣirò wọn bí wé ìró ìka tí wọ́n gbà sílẹ̀. Wọ́n rí i pé kò pọn dandan kí ihò wó tán kí ìró tó lè jáde, pé bí ó bá wó díẹ̀, tí ìyókù rẹ̀ sì dúró, ìró tí yóò jáde yóò jọ èyí tí etí ń gbọ́. Àlàyé yìí fi àyè gba ohun tí Kawchuk rí láìju èrò Leeds nù, nítorí ihò tí ó wó díẹ̀ yóò ṣì hàn nínú àwòrán MRI. Ẹni tí ó bá wo àwọn ìwádìí wọ̀nyí pa pọ̀ yóò rí i pé ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ṣe pàtàkì fún aláìsàn ju ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí lọ: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé eegun ni ó ń lu eegun, tàbí pé nǹkan kan ni ó ń ṣẹ́. Afẹ́fẹ́ àti omi ni ó ń dún.

Ṣùgbọ́n mímọ ohun tí ó ń dún kò tíì fi hàn pé kò léwu. Ibi tí ìbéèrè kejì ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, ó sì yẹ kí aromọléegun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ yé ni, nítorí kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń fi orúkọ yìí pè, tí àwọn mìíràn tún ń pa á pọ̀ mọ́ làkúrègbé. Ẹ̀yà kan wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ pé agbára tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò àrùn ni ó yíjú padà sí oríkèé tí ó sì ń ba awọ inú rẹ̀ jẹ́. Ìyẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú fífa ìka. Èyí tí àwọn òbí ní lọ́kàn ni ẹ̀yà tí ó ń wá láti inú gbígbó oríkèé, nínú èyí tí eegun rírọ̀ máa ń tinrin tí ó sì máa ń ya, tí eegun líle abẹ́ rẹ̀ yóò máa nípọn, tí kókó yóò sì máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé. Àwọn ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn mọ̀ pé ó ń ti ènìyàn síhà àrùn yìí ni ọjọ́ orí, àjogúnbá, ìfarapa àtijọ́, sísanra jù, àti iṣẹ́ tí ń fi agbára lo oríkèé kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn obìnrin sì ń ní ti ọwọ́ ju àwọn ọkùnrin lọ.

Ẹ̀rí kan wà níbí tí ó rọrùn tí ó sì wúwo, tí àwọn tí ń jíròrò ọ̀rọ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Nínú ọwọ́, oríkèé tí aromọléegun gbígbó fẹ́ràn jù lọ ni èyí tí ó súnmọ́ èékánná, èyí tí ó wà láàárín ìka, àti ìdí àtàǹpàkò ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọwọ́. Oríkèé ìdí ìka, tí ó jẹ́ pé òun ni àwọn ènìyàn ń fà jù, kì í sábà ní in tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé fífa ìka jẹ́ okùnfà pàtàkì fún àrùn náà ni, ibi tí fífà pọ̀ sí ni ó yẹ kí àrùn pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ òdìkejì rẹ̀ ni àwọn dókítà ń bá pàdé.

Ìwádìí tí ó lókìkí jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo lára ara rẹ̀. Donald Unger, oníṣègùn kan ní California, gbọ́ ìkìlọ̀ yìí ní kékeré lẹ́nu ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ lóbìnrin, ó sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ó gbéyàwó. Ó pinnu láti dán an wò: fún 50 ọdún, ó ń mú àwọn ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ dún ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́, kò sì fa ti ọ̀tún, kí ó lè ní ohun tí yóò fi òsì wé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò rẹ̀, àwọn ìka òsì ti dún ní ìgbà 36,500 ó kéré tán nígbà tí ó kọ ìwé ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ aromọléegun ní ọdún 1998, tí ó sì jábọ̀ pé aromọléegun kò sí ní ọwọ́ kankan nínú méjèèjì, àti pé kò sí ìyàtọ̀ tí ó hàn láàárín wọn. Ní ọdún 2009, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ig Nobel, èyí tí wọ́n fi ń yẹ́ iṣẹ́ ìmọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ pani lẹ́rìn-ín kí ó tó múni ronú.

Ó yẹ kí a bu ọlá fún iṣẹ́ yìí ju bí àwọn tí ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ti ń ṣe lọ. Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé ọwọ́ méjèèjì jẹ́ ti ara kan náà, wọ́n jọ jogún ohun kan náà, wọ́n jọ jẹ oúnjẹ kan náà, wọ́n sì jọ dàgbà, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ohun tí ó máa ń da ìwádìí rú kò rí àyè wọlé. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni, òun fúnra rẹ̀ sì ni olùwádìí, ẹni tí wọ́n ń wádìí, àti ẹni tí ó mọ ọwọ́ tí ó ń dún. Ó tún ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ara wọn kì í fàyè gba aromọléegun rárá. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn láìsí iyèméjì ni pé fífa ìka kì í fa àrùn náà fún gbogbo ẹni tí ó bá ń ṣe é. Kò lè sọ bóyá ó ń fà á fún àwọn kan.

Fún ìyẹn, àfi kí a yẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn wò. Ní ọdún 1975, Swezey àti Swezey yẹ àwọn àgbàlagbà 28 wò ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Los Angeles, wọn kò sì rí i pé oríkèé àwọn tí ó ní àṣà náà bàjẹ́ ju ti àwọn tí kò ní in lọ. Ṣùgbọ́n iye ènìyàn náà kéré jù fún ìdájọ́ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èyí tí ó lágbára jù ni ti deWeber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2011, tí wọ́n kó ènìyàn 215 jọ, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 50 sí 89, tí olúkúlùkù wọn sì ti ní àwòrán X-ray ọwọ́ ọ̀tún nílẹ̀. Ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ni ó máa ń mú ìka dún. Aromọléegun gbígbó wà lára ìdá 18.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń fa ìka, ó sì wà lára ìdá 21.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kì í fà á, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè gbé ìdájọ́ kà. Wọ́n tún ṣe ohun tí àwọn tí ó ṣáájú wọn kò ṣe: wọ́n ṣírò iye ọdún àti iye ìgbà lóòjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti fi ń fa oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó ti fà á jù kò ní àrùn náà jù. Níbi tí ohun kan bá ti jẹ́ okùnfà àrùn, ó yẹ kí àrùn máa pọ̀ sí i bí ohun náà ti ń pọ̀ sí i. Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ níhìn-ín.

Ìwádìí kan ṣoṣo ni ó ta ko ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó dá. Castellanos àti Axelrod, ní Detroit, yẹ ènìyàn 300 tí ó ti pé ọmọ ọdún 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wò ní ọdún 1990, 74 nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí fífa ìka ti di bárakú fún. Àwọn náà kò rí aromọléegun jù lára àwọn tí ń fa ìka, ṣùgbọ́n wọ́n jábọ̀ pé ọwọ́ wọn wú ju ti àwọn yòókù lọ, àti pé agbára tí wọ́n fi ń di nǹkan mú kò tó ti àwọn yòókù. Ìjábọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Àmọ́ inú ìwé kan náà ni ó ti hàn pé àwọn tí ń fa ìka wọ̀nyí ni wọ́n tún ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ agbára jù, àwọn ni wọ́n ń jẹ èékánná, tí wọ́n ń mu sìgá, tí wọ́n sì ń mu ọtí jù. Iṣẹ́ agbára nìkan tó láti mú ọwọ́ wú. Nítorí náà, ohun tí ìwádìí náà lè sọ ni pé nǹkan méjì wà papọ̀ lára àwọn ènìyàn kan, kò lè sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì.

Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e kò sì gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún 2017, Boutin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Davis tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 40, nínú èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ultrasound, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún, wo oríkèé ìdí ìka 400. Àwọn dókítà tí ó yẹ ọwọ́ náà wò kò mọ ẹni tí ìka rẹ̀ dún àti ẹni tí tirẹ̀ kò dún, èyí tí kì í jẹ́ kí èrò inú dókítà ti ìdájọ́ rẹ̀ síbì kan. Wọn kò rí wíwú tàbí ìrora lẹ́yìn tí ìka dún. Ohun tí wọ́n rí ni pé oríkèé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún lè yí jù bí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tí ó bá ohun tí àwọn tí ń fa ìka máa ń sọ mu, pé ara máa ń tù wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún kan náà, Yildizgoren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn agbára ọwọ́ àwọn tí ń fa ìka, wọn kò sì rí i pé ó kéré sí ti àwọn tí kì í fà á. Wọ́n rí i pé eegun rírọ̀ tí ó wà ní ìdí ìka wọn nípọn díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Nínípọn yìí ni ó yẹ kí àwọn onímọ̀ máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó, ju kí wọ́n tún máa ka iye àwọn tí ó ní aromọléegun lọ.

Ìpalára tí ó dájú kò pọ̀, ó sì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn òbí ń bẹ̀rù. Ní ọdún 1999, Chan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìjábọ̀ nípa ènìyàn méjì tí wọ́n ṣe ara wọn léṣe níbi tí wọ́n ti ń fi tipátipá mú ìka dún. Agbára àṣejù ni ó fa èyí, kì í ṣe ìró. Ìka tí kò fẹ́ dún mọ́ nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ni àwọn ènìyàn máa ń fi agbára fà jù, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni kò tíì yòrò tán. Bákan náà, ohun tí àwọn ìwádìí wọ̀nyí sọ nípa ìka kò ṣeé fi ṣe àwíjàre fún lílọ́ ọrùn kí ó dún, nítorí inú eegun ọrùn ni àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ọpọlọ gbà kọjá, yíya ara òpó bẹ́ẹ̀, bí kì í tilẹ̀ ṣe ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, lè yọrí sí àrùn rọpárọsẹ̀.

Ó ṣe pàtàkì kí ó tàn ká pé ẹ̀rí kò fi hàn pé fífa ìka ń fa aromọléegun, nítorí ìkìlọ̀ àtijọ́ náà ní ẹ̀yìn kan tí kò dára. Ìyá àgbà tí ìka rẹ̀ ti wú tí ó sì ti wọ́, tí kò lè bó ọsàn tàbí de bọ́tìnnì mọ́, lè máa rò pé òun ni òun fi ọwọ́ ara òun fà á nítorí àṣà ìgbà ọmọdé, àwọn ará ilé rẹ̀ sì lè máa sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ọjọ́ orí, ohun tí ó jogún, àti iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ náà ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó yẹ kí a wò, ìtọ́jú ni ó sì yẹ kí ó rí gbà. Ìdálẹ́bi tí kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn yìí ṣe ibi ju ìró ìka lọ.

Ìró tí ó yẹ kí ó gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà yàtọ̀ sí èyí. Ìró tí ó bá jáde lẹ́ẹ̀kan, tí kò bá ìrora dé, tí kò sì tún lè jáde fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ti afẹ́fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìró tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní gbogbo ìgbà tí oríkèé bá yí, tí ó ń ha ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, lè jẹ́ ti eegun rírọ̀ tí ojú rẹ̀ kò tẹ́jú mọ́. Ìka tí ó ká tí ó kọ̀ láti nà, tí ènìyàn sì ní láti fi ọwọ́ kejì nà án kí ó tó já pẹ̀lú ìró, iṣan rẹ̀ ni ó há sínú ọ̀nà tí ó ń gbà kọjá, ó sì ní ìtọ́jú. Ìró tí ó jáde lọ́jọ́ tí ènìyàn ṣubú tàbí tí nǹkan gbá a lọ́wọ́, tí wíwú sì tẹ̀ lé e, lè jẹ́ ti eegun tí ó ṣẹ́ tàbí iṣan tí ó ya, àwòrán X-ray sì ni ó kọ́kọ́ kàn níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fà á tàbí fi òróró wọ́ ọ.